Fọ́ọ̀mù ní kí n sọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nílé wa nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 14

Ọmọ Tíṣà (Coventry)

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan.

Mo ń kọ̀wé wá iṣẹ́ ọ́fíìsì ní iléeṣẹ́ ńlá kan níbí. Mo ti kọ orúkọ, mo ti kọ ìwé-ẹ̀rí, mo ti kọ ọdún mẹ́sàn-án tí mo fi ṣiṣẹ́ báńkì n'Íbàdàn. Ó ku díẹ̀ kí n parí ni wọ́n bi mí pé: nígbà tí o wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 14, iṣẹ́ wo ni ẹni tó ń pawó wọlé jù nínú ilé yín ń ṣe?

Ọwọ́ mi dúró. Ọdún 1999 ni mo pé ọmọ ọdún 14. Igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni bàbá mi nígbà náà, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Peugeot 504 wọn wà lórí búlọ́ọ̀kù lẹ́yìnkùlé, adìẹ ló ń yé ẹyin sínú rẹ̀. Owó oṣù kì í dé bọ̀rọ̀. Ká sòótọ́, gaàrí tí ìyá mi ń tà la fi ń jẹun, òun la fi ń san owó ìwé. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbé alágbàtà gaàrí síwájú igbákejì ọ̀gá? Mo kọ "tíṣà".

Nílé àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣe kíà báyìí, èmi àti òyìnbó kan la jọ máa ń gba iṣẹ́ alẹ́. Púlọ́ńbà ni bàbá tirẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń lọ gba ọlidé ní Spéìn nígbà tó wà lọ́mọdé, mọ́tò méjì ló sì wà níwájú ilé wọn. Mo fi ìbéèrè yẹn hàn án. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Nínú àwa méjèèjì, ìwọ lọmọ ọlọ́lá. Ọmọ òṣìṣẹ́ lèmi." Ṣe ni ó ń lu àyà bó ṣe ń wí i, bí ẹni ń pe oríkì.

Ẹ ṣàlàyé fún mi. Kíláàsì wo, ìyẹn ipò wo láwùjọ, ni àwa wà ní Ìlú Ọba yìí? Ti Ìjẹ̀bú-Igbó ni, àbí ti ibi tí mo ti ń pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì lóru?

Ìyá Àdùkẹ́ (Leeds)

Ẹ káàbọ̀ sí ìlú "ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ".

Nọ́ọ̀sì ni mí, mo dé ní 2003, mo sì ti jókòó lẹ́yìn tábìlì níbi tí wọ́n ti ń gbani síṣẹ́. Kò sí ẹni tó fẹ́ mọ iye tó wà nínú àpò yín. Àjọ kan tí ìjọba gbé kalẹ̀, Social Mobility Commission, ló ń rọ àwọn agbanisíṣẹ́ pé kí wọ́n máa bi èèyàn, kí wọ́n lè rí i bóyá ọmọ àwọn ọ̀gá nìkan ló ń wọlé. Kò pọn dandan kí ẹ dáhùn. Lójú tèmi, ọmọ ọdún 14 yẹn bọ́gbọ́n mu: ọmọ ti mọ iṣẹ́ òbí rẹ̀, kò sì tíì ní tirẹ̀ tó lè fi bò ó mọ́lẹ̀.

Iṣẹ́ ni ìjọba wọn fi ń ka kíláàsì. Láti ìgbà ìkànìyàn 1911 ni wọ́n ti ń to iṣẹ́ bí àtẹ̀gùn. Àtẹ̀gùn tí wọ́n ń lò báyìí, 2001 ni wọ́n gbé e jáde. Tíṣà àti nọ́ọ̀sì wà lápá òkè, púlọ́ńbà wà nísàlẹ̀, ì báà jẹ́ pé púlọ́ńbà ló ń yá tíṣà lówó.

Ṣùgbọ́n ẹ tún ìbéèrè yẹn kà. Ẹni tó ń PAWÓ WỌLÉ JÙ ni wọ́n wí. Ìyá yín ni kí ẹ kọ.

Ọmọ Tíṣà (Coventry)

Háà.

Jẹ́jẹ́ Luton

504 tí adìẹ ń yé sí! Tiwa, ewúrẹ́ ló ń sùn níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ tẹ "mi ò fẹ́ sọ", kí ẹ máa bá tiyín lọ. Ìbéèrè òyìnbó kì í tán.

Bàbá Peckham

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un.

Mo dé ìlú yìí ní 1968 láti wá kọ́ iṣẹ́ àkáǹtáǹtì. Lọ́sàn-án, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Lóru, mò ń ṣa lẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Ìyàwó mi ń ránṣọ ní fákítọ̀rì, ó ń kọ́ iṣẹ́ akọ̀wé nírọ̀lẹ́. Yàrá kan la háyà, onílé ò sì fẹ́ gbọ́ igbe ọmọ. Nígbà tí a bí ọmọkùnrin wa ní 1970, a ṣe ohun tí púpọ̀ nínú wa ń ṣe nígbà náà. Ìwé ìròyìn kan wà tó ń jẹ́ Nursery World. Ibẹ̀ ni àwọn òbí láti Nàìjíríà àti Gánà ti máa ń polówó pé àwọn ń wá ẹni tó máa bá wọn tọ́jú ọmọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ wa ló gba ọ̀nà yẹn kọjá, kì í ṣe tèmi nìkan. Tọkọtaya kan ní Kent kọ lẹ́tà sí wa. A ń sanwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ wò ó ní Sunday tí àyè bá gbà wá.

Lójú tiwa nígbà yẹn, òyìnbó ni òyìnbó. A rò pé ọmọ tó bá dàgbà lọ́wọ́ òyìnbó á máa sọ Gẹ̀ẹ́sì bíi ti àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. Ta ló sọ fún wa pé àwọn náà ní àtẹ̀gùn? Ọkùnrin tó gba ọmọ wa, èbúté ló ti ń ru ẹrù. Ilé káńsù, ilé ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ń háyà fún mẹ̀kúnnù, ni wọ́n ń gbé. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Àmọ́ owó tí à ń san wà nínú owó ọbẹ̀ wọn. Ẹ wò ó bí ẹ bá ń wò ó: èmi tí wọ́n ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ lójú nígbà tí mo bá ń wá yàrá, èmi náà ni mò ń fún òyìnbó lówó oúnjẹ, tí mo tún ń kọ́ ìwé tí ẹnì kan ò kọ́ rí nínú ìdílé wọn.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí a mú un padà wálé. Oúnjẹ alẹ́, "tíì" ló ń pè é. Gbogbo "h" tó wà nínú Gẹ̀ẹ́sì ló ti gbé mì. (Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń fi "h" sí ibi tí kò sí.) Ìyá rẹ̀ gbé ẹ̀bà síwájú rẹ̀, ó bú sẹ́kún, ó ń pe ìyá rẹ̀ tó wà ní Kent.

Nígbà tó dàgbà tó ń wáṣẹ́, wọ́n á gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù, wọ́n á fi í sí ibì kan. Tó bá wọlé, wọ́n á rí àwọ̀ rẹ̀, wọ́n á gbé e kúrò níbẹ̀ lọ síbòmíràn. Tó bá délé, ọmọ àkáǹtáǹtì ni, bàbá rẹ̀ ń retí kó ṣe bí ọmọ àkáǹtáǹtì. Ó ti lé dáadáa ní ẹni àádọ́ta ọdún báyìí. Bí ẹ bá bi í léèrè ibi tó ti wá, á ní Kent. Kò ní dárúkọ Peckham. Kò ní dárúkọ Ọ̀yọ́.

Ìyá Àdùkẹ́ (Leeds)

Bàbá, ẹ kú àmúmọ́ra. Ojú mi kún.

Ṣọlá Croydon

Bàbá, ẹ ṣé gan-an ni. Ẹ fojú fo àṣìṣe Yorùbá mi, ìhín ni wọ́n bí mi sí.

Bàbá mi wa bọ́ọ̀sì, ìyá mi ń fọ ọ́fíìsì ní aago mẹ́rin ìdájí. Àwọn méjèèjì ló gboyè n'Ífẹ̀. Nítorí náà, tí n bá ń dáhùn fọ́ọ̀mù yẹn, ọmọ awakọ̀ ni mí. Nínú ilé wa, kò sí ẹni tó gbọ́ irú ẹ̀. Láti ọmọ ọdún mẹ́jọ ni wọ́n ti ń gbé mi lọ sí lẹ́sìn ní gbogbo Sátidé nítorí ìdánwò ọmọ ọdún 11, èyí tí wọ́n fi ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ti ìjọba, tó jẹ́ pé ọmọ tó bá yege nìkan ló ń gbà. Òfin ẹ̀kọ́ 1944 ló sọ ọ́ di ti gbogbo ìlú. Láti 1965 ni wọ́n ti ń pa á rẹ́, ó ku 163 irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ péré ní gbogbo England. Ẹ lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ̀kan lọ́jọ́ ìdánwò kí ẹ ka àwọn ìyá Yorùbá tó wà níbẹ̀.

Mo wọlé. Lẹ́yìn náà ni ilé-ẹ̀kọ́ olówó kan fún mi ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún ọdún méjì tó kẹ́yìn. Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Ọmọ bíi méje nínú ọgọ́rùn-ún ló ń lọ irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ Eton nìkan, tí ọba kan dá sílẹ̀ ní 1440, ti bí olórí ìjọba 20 fún wọn.

Ọmọ kíláàsì mi kan pè mí lọ sílé wọn. Ilé náà tóbi bí ààfin, ṣùgbọ́n kápẹ́ẹ̀tì ti gbó, ajá ń sùn lórí àga, súwẹ́tà bàbá rẹ̀ ti lu ní ìgbúnwọ́. Mo káàánú wọn. Mo rò pé gbèsè ti wọlé. Nígbà tí mo ròyìn fún ìyá mi, wọ́n rẹ́rìn-ín títí: "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà." Àkísà yẹn gan-an ni ọlá wọn. Àwa ni à ń lọ aṣọ kí á tó lọ ra búrẹ́dì.

Èyí tó burú jù: nídìí oúnjẹ, mi ò gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ sọ, mo wá ní "Pardon?" bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Ọ̀rẹ́ mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé àwọn kì í wí bẹ́ẹ̀. "What?" ni wọ́n ń wí. Ẹ gbọ́ o! "What?" fún ìyá èèyàn! Tí n bá dán an wò ní Croydon, màá ka eyín mi nílẹ̀.

Akọ̀wé Sheffield

Ṣọlá, wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ "pardon" yẹn sílẹ̀ tipẹ́. Ní 1954, onímọ̀ èdè kan ní Yunifásítì Birmingham, Alan Ross, to àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀tọ̀kùlú ń lò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn yòókù. Ọ̀tọ̀kùlú ń sọ "napkin", àwọn yòókù ń sọ "serviette". Ọ̀tọ̀kùlú kì í sọ "toilet". Òǹkọ̀wé kan, Nancy Mitford, ọmọ báárọ̀nù, ló gbé e wọ ìgboro lọ́dún tó tẹ̀ lé e, gbogbo ìlú sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ẹnu ara wọn. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ tó dà bí ọ̀wọ̀ ni ó ń tú àṣírí èèyàn. Ẹni tó ń bẹ̀rù kí wọ́n má rí òun bí aláìlẹ́kọ̀ọ́ ló ń sọ "pardon". Ẹni tí ìdílé rẹ̀ ti ń jókòó nílẹ̀ náà láti ọ̀rúndún mẹ́fà kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀dọ̀ òyìnbó Coventry tó ń lu àyà, torí òun gan-an ni mò ń kà nípa rẹ̀ lójoojúmọ́. Nínú ìwádìí British Social Attitudes tó jáde ní 2016, 60 nínú ọgọ́rùn-ún ló pe ara wọn ní ọmọ kíláàsì òṣìṣẹ́. Nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀gá àti iṣẹ́ ìwé pàápàá, 47 nínú ọgọ́rùn-ún sọ bẹ́ẹ̀! Onímọ̀ nípa àwùjọ kan, Sam Friedman, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fọ̀rọ̀ wá èèyàn 175 tó wà ní ipò gíga lẹ́nu wò, wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde ní 2021. Ọmọ ìdílé kíláàsì àárín ni 36 nínú wọn, síbẹ̀ wọ́n ń pe ara wọn ní ọmọ òṣìṣẹ́ tàbí ẹni tó ti ìsàlẹ̀ pátápátá wá. Tí wọ́n bá dé orí bàbá tó jẹ́ lọ́yà, wọ́n á fò ó, wọ́n á lọ gbé bàbá àgbà tó wa èédú dìde nínú sàréè.

Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tálákà ló ń pe ara rẹ̀ lọ́mọ ọba. Níbí, ọmọ lọ́yà ló ń pe ara rẹ̀ lọ́mọ mẹ̀kúnnù.

Ọmọ Lísàbí

Ẹ̀yin ò wá rántí Kemi Badenoch, olóṣèlú yẹn, ni? Ní 2024, ó ní inú ìdílé kíláàsì àárín lòun ti dàgbà, ṣùgbọ́n òun di ọmọ kíláàsì òṣìṣẹ́ nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún 16 tí òun ń ṣiṣẹ́ ní McDonald's. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri ìlú. Èmi ò rí ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Dókítà ni bàbá rẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì ni ìyá rẹ̀, ó dé Lọ́ńdọ̀nù, ó ń nu tábìlì. Ṣé kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ sí gbogbo wa láti Heathrow nìyẹn?

Jẹ́jẹ́ Luton

Ajẹ́bọ́tà tó jẹ pákó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ajẹ́bọ́tà náà ni.

Ìyá Àdùkẹ́ (Leeds)

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni ẹ̀yin méjèèjì sọ. Nígbà tí mo dé, èmi tí mo jẹ́ mátírọ́ọ̀nù nílé, ṣe ni wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Aṣọ ipò mi wá bọ́ lóòótọ́, ìyà náà jẹ mí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan ò bọ́: mo mọ̀ pé ibẹ̀ kọ́ ni mo máa parí ìrìn sí. Ọmọ òyìnbó tí a jọ ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn nígbà náà, ọmọ tó já fáfá jù mí lọ, mo ní kó wá kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó ní irú àwọn kì í ṣe irú ìyẹn. "Irú àwọn"! Ọmọ ogún ọdún ni. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un? Ìyẹn ni kíláàsì lójú tèmi, ó sì wà lára rẹ̀ ju ohunkóhun tó wà lára mi lọ.

Alábòójútó

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú ní yàrá tirẹ̀. Mo ti yọ ìdáhùn mẹ́ta tó di èébú kúrò. Ẹ máa bá ìjíròrò lọ.

Adé Castleford

Ọ̀rọ̀ "irú àwọn" yẹn ni mo fẹ́ gbé. Òyìnbó ni ìyàwó mi, awakùsà èédú ni bàbá rẹ̀. Ó wà nínú ìyanṣẹ́lódì 1984 sí 1985 láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ ìkẹyìn. Ọkùnrin kan wà ní àdúgbò yìí tó padà sẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n tó ní kí wọ́n padà. Títí di òní, bàbá ìyàwó mi kì í kí i. Ogójì ọdún! Mo ní, "Dádì, ṣé ẹ ò lè dárí jì í?" Ó wò mí bí ẹni tó ń wo àlejò.

Oúnjẹ ọ̀sán ni "dinner" lọ́dọ̀ wọn, ti alẹ́ ni "tea". Ọmọ Kent tí Bàbá Peckham sọ máa rò pé ilé lòun wà níbí. Rọ́gbì wọn pàápàá yàtọ̀. Èèyàn 13 ló ń gbá a. Ní 1895 ni àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù apá àríwá ya kúrò lára àwọn yòókù, ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Huddersfield, nítorí pé wọ́n fẹ́ máa san owó fún awakùsà tó bá pa iṣẹ́ jẹ ní Sátidé láti gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn ọmọ olówó ní rárá, eré ìdárayá kò gbọdọ̀ di iṣẹ́. Ta ni ebi ò ní pa tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́fẹ̀ẹ́? Láti ìgbà náà ni rọ́gbì ti di méjì.

Lábẹ́ òfin 1980 tí Thatcher, olórí ìjọba ìgbà ìyanṣẹ́lódì yẹn, ṣe, bàbá ìyàwó mi ra ilé káńsù tó ń gbé. Onílé ni. Kò fẹ́ gbọ́ orúkọ obìnrin náà títí dòní, ilé rẹ̀ sì rèé. Tí ẹ bá pè é ní kíláàsì àárín, ẹ ti bú u.

Nígbà tí ọmọ wa àgbà wọ yunifásítì, mo pa àgbò. Inú bàbá ìyàwó mi dùn, ó ra báàgì fún un, ṣùgbọ́n ó sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà pé: "Má jẹ́ kí wọ́n yí ọ padà." Mo ronú lé e lóru yẹn. Nígbà tí bàbá tèmi ń sìn mí lọ sí yunifásítì, àdúrà tó gbà ni pé kí n yí padà. "O ó jù mí lọ" ni gbogbo rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, ọmọ tó bá ju bàbá lọ, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ó ti fi wọ́n sílẹ̀ lọ.

Akọ̀wé Sheffield

Ẹ̀gbọ́n Adé, ẹ má jẹ́ kí ó dà bí ẹni pé awakùsà kò fẹ́ ìwé o. Àwọn awakùsà Wales fi owó ara wọn kọ́ ilé ìkàwé. Aneurin Bevan fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lọ́mọ ọdún 13, ó wọ inú ihò èédú, ilé ìkàwé àwọn òṣìṣẹ́ ní Tredegar ló ti kàwé. Òun ló dá NHS, ètò ìlera ìjọba, sílẹ̀ ní 1948, iṣẹ́ tí ìdajì wa níbí ń jẹ.

Adé Castleford

Mo gbà. Kì í ṣe ìwé ló ń bà á lẹ́rù. Kí ọmọ má padà wálé ni. Ihò èédú tó kẹ́yìn ní àdúgbò wa, Kellingley, wọ́n ti tì í pa ní December 2015. Bó bá padà, kí ló máa padà wá ṣe?

Ọmọ Tíṣà (Coventry)

Ẹ ṣeun, gbogbo yín pátá. Bàbá, mo ka tiyín sí ìyàwó mi létí, ó ní kí n kí yín.

Mo ṣe ohun tí Ìyá Àdùkẹ́ wí. Mo pa "tíṣà" rẹ́. Mo lọ sí ibi tí wọ́n kọ oní-òwò kékeré sí, mo fi àmì síbẹ̀. Mo pe ìyá mi lórí WhatsApp, mo ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin ni mo kọ." Wọ́n ní, "Kí lo kọ?" Mo ní pé ẹ̀yin lẹ̀ ń pawó wọlé jù ní 1999. Wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ṣé bàbá rẹ wà nítòsí?" Mo ní rárá. Wọ́n wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn rí.

Ṣùgbọ́n ohun tí kò jẹ́ kí n sùn nìyí. Ọmọbìnrin mi á pé ọmọ ọdún 14 ní 2030. Lọ́jọ́ kan, òun náà á jókòó síwájú fọ́ọ̀mù yẹn. Ohunkóhun tí mo bá ń ṣe ní 2030 ni á kọ síbẹ̀. Wọn ò ní bi í ní ohun tí mo ṣe n'Íbàdàn. Ìyẹn ni mo ṣe ń wá iṣẹ́ yìí. Wọ́n ti pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, Tuesday tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá.

Bàbá Peckham

Ọlọ́run á ṣe é ní rere. Kí lo fẹ́ wọ̀?

Ọmọ Tíṣà (Coventry)

Wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé kò sí wàhálà, kí a wọ ohunkóhun tó bá rọ̀ wá lọ́rùn, pé àwọn fúnra wọn kì í wọ táì.

Bàbá Peckham

Wọ táì.

Ṣọlá Croydon

Ẹ wọ táì o.